Déètì inú Excel: àwọn bọ́tìnì àbùjá, àti bí a ṣe ń tún èyí tó ti ṣìnà ṣe

Ìbéèrè: “Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Ìbàdàn. Excel ni mo fi ń tọ́jú ìwé owó, lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a bá ṣe ìpàdé, ọwọ́ ni mo fi ń tẹ déètì síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá san owó, ó sì ń jẹ mí lákòókò. Mo gbìyànjú fọ́múlà TODAY, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé náà lọ́jọ́ kejì, gbogbo déètì àná ti di tòní. Bákan náà, àwọn déètì kan ń fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì, àwọn mìíràn ń fara ti apá ọ̀tún, bí mo bá sì ní kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kì í tò wọ́n dáadáa. Àwọn bọ́tìnì wo ni mo lè lò, kí ni kí n sì ṣe sí àwọn tó ti wà nílẹ̀?”

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà kúnnákúnná. Màá dé orí àwọn bọ́tìnì láìpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ kò béèrè, nítorí pé òun ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ̀ ń ṣàníyàn lórí àwọn déètì tó fara ti apá òsì. Àwọn yẹn kò burú tó bẹ́ẹ̀, torí pé ojú lásán rí i pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Àwọn tó fara ti apá ọ̀tún, tó jọ pé wọ́n dára, ni ó ṣeé ṣe kí ó ti ṣìnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ohun tí Excel ń tọ́jú sínú sẹ́ẹ̀lì tí a bá tẹ déètì sí kì í ṣe ọjọ́, oṣù àti ọdún bí a ṣe rí wọn lójú. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú, èyíinì ni iye ọjọ́ tí ó ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 ni ó pè ní 1. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000 jẹ́ 36526. Ti ọdún 2024 sì jẹ́ 45292. Gbogbo ohun mìíràn tí ẹ ń rí, ìlà wíwọ́ tó wà láàárín, orúkọ oṣù, ọdún onínọ́ńbà mẹ́rin tàbí méjì, aṣọ ni gbogbo wọn jẹ́ lára nọ́ńbà yìí: ènìyàn lè wọ agbádá lónìí kí ó wọ bùbá lọ́la, ẹni náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹlòmíràn. Nítorí pé nọ́ńbà ni, Excel a máa gbé e sí apá ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí owó. Bí kò bá mọ ohun tí a tẹ̀ ní déètì, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí, apá òsì ni yóò sì gbé e sí gẹ́gẹ́ bí orúkọ ènìyàn.

Wàyí o, ta ló ń sọ fún Excel pé ọjọ́ ló ṣáájú oṣù, tàbí pé oṣù ló ṣáájú ọjọ́? Ètò agbègbè tí a yàn fún Windows fúnra rẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà àti ní Britain, ọjọ́ ni a ń kọ ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ni. Láptọ́ọ̀pù tí a kó wá láti Amẹ́ríkà, tí a kò sì yí ètò rẹ̀ padà, yóò máa ka déètì bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kà á, ẹni yòówù kí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiyín ti ṣẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ tẹ 06/04/2024. Kọ̀ǹpútà onígbèéka Amẹ́ríkà yìí kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ó sì tọ́jú 45447 dípò 45388. Ohun tó hàn lójú yín ṣì ni 6 àti 4 àti 2024, ní ìtẹ̀léra tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó máa mú yín fura. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti fi ọjọ́ 59 sún owó ọmọ ẹgbẹ́ náà síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tẹ 13/04/2024. Kò sí oṣù kẹtàlá nínú ọdún, Excel kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i, ó kúkú fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán ní apá òsì. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ inú oṣù kọ̀ọ̀kan ni Excel yóò gbà wọlé. A ó yọ àwọn tí ọjọ́ àti oṣù wọn jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 04/04, nítorí wọn kò lè ṣìnà. 132 ni yóò kù, gbogbo wọn pátá ni yóò sì dorí kodò láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó dá ẹ̀yáwó padà ní oṣù kẹrin, tí ìwé ẹgbẹ́ wá sọ pé oṣù kẹfà ló dá a padà, lè san owó ìtanràn tí kò jẹ. Orúkọ ènìyàn àti ìgbẹ́kẹ̀lé ẹgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mú un ní kókó kí ẹ tó ronú nípa àbùjá kankan.

Nítorí náà, ètò agbègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ ti Excel pa, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ Region, ẹ tẹ Enter. Ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìlànà agbègbè, èyí tí wọ́n kọ Regional format sí, ẹ yan Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà tàbí ti United Kingdom, kí ẹ sì wò ó bóyá ọjọ́ ló ṣáájú nínú àpẹẹrẹ déètì kúkúrú tí wọ́n fi hàn yín. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n kò ní tún ti àtẹ̀yìnwá ṣe: 45447 tó ti wà nílẹ̀ yóò ṣì jẹ́ 45447.

Ó tó àkókò láti dé orí àwọn bọ́tìnì. Èyí tó máa gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ọjọ́ ìpàdé ni Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnì àmì ; tó wà ní ẹ̀gbẹ́ L lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ ; lẹ́ẹ̀kan, déètì òní yóò jáde sínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ ó sì tẹ Enter. Kò sí fọ́múlà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ọjọ́ yẹn gan-an ni ó kọ sílẹ̀, nítorí náà kò ní yí padà lọ́la tàbí lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fi Shift kún un, tó di Ctrl, Shift àti ; lápapọ̀, aago tí ẹ wà yìí ni yóò kọ. Bí ẹ bá fẹ́ déètì àti aago nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, ẹ tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ fi àlàfo kan sí i, ẹ tẹ ti èkejì, kí ẹ tó wá tẹ Enter. Láti inú aago kọ̀ǹpútà ni ó ti ń mú gbogbo èyí, nítorí náà bí bátìrì inú láptọ́ọ̀pù bá ti gbó tí aago rẹ̀ sì ń padà sẹ́yìn nígbà tí iná bá lọ, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ná, kí ẹ rí i pé ọjọ́ tòótọ́ ló wà níbẹ̀.

Fún ogójì ènìyàn tó san owó ní ìjókòó kan, ẹ kò nílò láti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ogójì. Ẹ gbé ara dúró sórí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, ẹ di Shift mú kí ẹ fi ọfà ìsàlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí dé orí ẹni tó kẹ́yìn, kí gbogbo wọn tàn yanran pa pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú ;, kí ẹ sì fi Ctrl pẹ̀lú Enter parí rẹ̀ dípò Enter nìkan. Déètì náà yóò bọ́ sínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ẹ yàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn tó san owó kò bá tẹ̀ léra lórí ìlà, ẹ lè di Ctrl mú kí ẹ máa fi máòsì yan sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣáájú, ọ̀nà kan náà ni ẹ ó gbà parí rẹ̀. Ctrl pẹ̀lú D náà wúlò: ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì òkè ni ó ń mú wá sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì dára fún ìgbà tí ẹ bá ń kọ owó ọjọ́ tó ti kọjá, tí àbùjá déètì òní kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ní ti TODAY, kò ṣe àṣìṣe kankan, iṣẹ́ tí a dá a fún ni ó ṣe. Fọ́múlà yẹn ń béèrè pé kí ni òní jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí Excel bá tún ìṣirò ṣe, títí kan ìgbà tí ẹ bá ṣí ìwé náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni NOW tó ń mú aago lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lò ó láti fi sàmì ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ibi tó ti wúlò ni ìṣirò ohun tó ń dàgbà lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ tí ẹnì kan gba ẹ̀yáwó bá wà ní B2, =TODAY()-B2 yóò sọ iye ọjọ́ tí owó náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì, a sì lè yọ ọ̀kan nínú èkejì. Bí ìdáhùn bá jáde bíi déètì àtijọ́ ọdún 1900, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti àmì ~, aṣọ déètì yóò bọ́ kúrò lára rẹ̀, iye ọjọ́ yóò sì hàn. Bí ẹ̀yáwó oṣù mẹ́fà bá ni, =EDATE(B2,6) yóò mú ọjọ́ tí ó yẹ kí ó dá a padà jáde; bí oṣù tó bọ́ sí kò bá ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà ni yóò mú.

Ó tún ku bí déètì yóò ṣe rí lójú. Ctrl, Shift àti # yóò wọ aṣọ kan fún un tí ó ní ọjọ́, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ oṣù lédè Gẹ̀ẹ́sì, àti ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí pé níbi tí Apr bá ti hàn ketekete, kò sí ẹni tó lè ka oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Lórí kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, # wà lórí 3. Lórí kíbọ́ọ̀dù tó wá láti Britain, àmì owó pọ́n-ùn ló wà lórí 3, # sì ní bọ́tìnì tirẹ̀ nítòsí Enter, nítorí náà ẹ má bínú sí láptọ́ọ̀pù yín bí àbùjá yìí kò bá ṣiṣẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù, tí mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi kọ́ra, ni Ctrl pẹ̀lú 1. Yóò ṣí fèrèsé tí a ti ń yan ìrísí. Ẹ lọ sí Custom, kí ẹ kọ ìlànà tí ẹ fẹ́ sínú àyè Type. Lẹ́tà d dúró fún ọjọ́, m fún oṣù, y fún ọdún, iye ìgbà tí ẹ bá sì kọ lẹ́tà kan ni ó ń pinnu bí yóò ṣe gùn tó: d yóò kọ 6, dd yóò kọ 06, mm yóò kọ 04, mmm yóò gé orúkọ oṣù kúrú, mmmm yóò kọ ọ́ tán. Fún ìwé owó, dd-mmm-yyyy ni mo fọwọ́ sí. Bí ẹ bá yan Date dípò Custom nínú fèrèsé kan náà, ẹ ó rí àpótí èdè àti agbègbè tí wọ́n kọ Locale sí. Yorùbá wà níbẹ̀ nítòsí ìsàlẹ̀, fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí èdè wa hàn lórí ìwé tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ó tún rí i pé àwọn ìlànà kan ní àmì ìràwọ̀ * níwájú. Àwọn yẹn a máa yí padà bí ìwé náà bá dé orí kọ̀ǹpútà tí ètò agbègbè rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ yẹra fún wọn bí ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí aṣàyẹ̀wò owó.

Bí ẹ bá yí ìrísí padà tí ##### sì bo inú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé òpó náà ti fún jù; ẹ fẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀ ẹ́, ìyọkúrò kan ti mú ìdáhùn tó kéré ju òdo wá.

Ìrísí yìí náà ni màá fi fi ọ̀nà ìwádìí kan hàn yín. Ẹ sọ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé yín. Ẹ ṣe àdàkọ òpó déètì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yan àdàkọ náà, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú 1, kí ẹ sì kọ dddd sínú Custom. Orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni yóò hàn. 45388 yóò sọ pé Saturday. 45447 yóò sọ pé Tuesday, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2024 bọ́ sí. Ìlà èyíkéyìí tí kò bá bọ́ sí Saturday ní ẹjọ́ láti rò. Ẹ má fi èyí nìkan mọ, nítorí pé déètì tó ti dorí kodò lè ṣèèṣì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn. Ẹ gbé ìwé rìsíìtì tira.

Láti tún àwọn ti àtẹ̀yìnwá ṣe, ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà pa mọ́. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbójú fo èyí. Bí déètì bá wà ní B2, ẹ kọ fọ́múlà yìí sínú òpó tó ṣófo:

=IF(ISNUMBER(B2),DATE(YEAR(B2),DAY(B2),MONTH(B2)),DATE(RIGHT(B2,4),MID(B2,4,2),LEFT(B2,2)))

Ìbéèrè tó ń bi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni pé, ṣé nọ́ńbà ni ọ́? Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà, a jẹ́ pé ó ti dorí kodò, fọ́múlà yóò sì gbé ọjọ́ sí ipò oṣù, yóò gbé oṣù sí ipò ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, yóò gé e sí mẹ́ta, yóò sì tò ó bí ó ti yẹ. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, ẹ wọ aṣọ déètì fún un, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá fi Ctrl pẹ̀lú C dà á kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí òpó B, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti V, ẹ tẹ V, ẹ tẹ Enter, kí ó lè jẹ́ pé iye nìkan ni ó wọlé, kì í ṣe fọ́múlà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá mú #VALUE! jáde ni èyí tí ẹ kọ lọ́nà mìíràn, bíi 13/4/2024 láìsí òdo. Ìwọ̀nba ni wọn yóò jẹ́, ẹ fi ọwọ́ tún wọn tẹ̀.

Ohun méjì ló lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni pé déètì tí a fi ọwọ́ tẹ̀ nígbà tí ètò agbègbè ṣì jẹ́ ti Amẹ́ríkà nìkan ni fọ́múlà yìí wà fún. Èyí tí ẹ fi Ctrl pẹ̀lú ; kọ tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì kó o mọ́ wọn, ẹ ó sọ òótọ́ di irọ́. Èkejì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe kété tí wọ́n bá ti yí ètò agbègbè padà: wọn a máa tẹ F2 àti Enter lórí àwọn déètì apá òsì, àwọn yẹn a sì sún lọ sí apá ọ̀tún lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń jọ pé gbogbo nǹkan ti dára. Ṣùgbọ́n èyí tó tọ̀nà àti èyí tó dorí kodò ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà báyìí, àmì kan ṣoṣo tí a fi ń dá wọn mọ̀ sì ti parẹ́. Bí ẹ bá wá lo fọ́múlà yìí lórí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin tó ti tọ̀nà, Excel kò ní bá yín jiyàn rárá: oṣù kẹtàlá ọdún 2024 ni yóò kà sí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Nítorí náà, fọ́múlà ṣáájú, F2 lẹ́yìn.

Ní ti ọdún, ẹ máa kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá kọ méjì, Excel ni yóò yan ọ̀rúndún fún yín, ìlànà tó sì ti ń lò tipẹ́ ni pé 00 sí 29 jẹ́ ti ọdún 2000 sókè, 30 sí 99 sì jẹ́ ti 1930 sí 1999. Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bí ní ọdún 1928 lè di ẹni tí wọn kò tíì bí. Déètì tó ṣáájú ọdún 1900 kò sí nínú ìṣirò Excel rárá. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ìlú, tó sì tẹ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò bá nínú sẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá ń lo Google Sheets, Ctrl pẹ̀lú ; ń kọ déètì níbẹ̀ náà, Shift sì ń mú aago wá. Bí ẹ bá tún fi Alt kún un, méjèèjì yóò jáde pọ̀. Àmọ́ ètò agbègbè ti Windows kò kàn án. Nínú ìwé kọ̀ọ̀kan ni a ti ń yàn án, lábẹ́ File, ní Settings, níbi tí wọ́n kọ Locale sí.

Bí akápò tàbí ẹlòmíràn bá ń bá yín kọ ìwé náà, ẹ yan òpó déètì, ẹ tẹ Alt, lẹ́yìn náà A, V, V, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú fèrèsé tó bá ṣí, ẹ yan Date, kí ẹ fi ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ =TODAY() sí ibi òpin. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ lásán kò ní lè wọlé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, owó tí ẹ gbà ní oṣù kẹrin kò sì ní lè jókòó sínú oṣù kẹfà tí kò tíì dé. Ìdíwọ̀n yìí kò ń wo ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ń dá ohun tí a dà kọ láti ibòmíràn dúró, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.